"I'm starved": ìyá tá a ń fún lóúnjẹ nígbà tó jẹ́ pé òtútù ló ń pa á

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ carer nílùú ọba, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Derbyshire, Nottingham, Stoke títí dé Sheffield, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ó ṣojú mi, mo sì lọ́wọ́ nínú àṣìṣe tó wà níbẹ̀, ẹjọ́ ara mi ni mo kọ́kọ́ ń rò kí n tó ro ti ẹnikẹ́ni. Mi ò ní dárúkọ ìyá tọ́rọ̀ kàn, mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tá a ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò wa tó ń tọ́jú ìyá náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló fa gbogbo ẹ̀, starved àti nesh. Ìkíní, gbogbo wa rò pé a mọ̀ ọ́n. Ìkejì, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nínú wa.

Ìyá náà jẹ́ ẹni ọdún 87. Awakùsà ni ọkọ ẹ̀, èédú ló wà títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa, ó sì ti kú tipẹ́. Màmá ń dá gbé nílé bíríkì pupa kan, irú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn lọ gbọọrọ yẹn, ní abúlé kan ní Derbyshire. Ọpọlọ ẹ̀ pé, ẹnu ẹ̀ mú, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń lọ síbẹ̀ lóòjọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ká bá a wẹ̀, ká bá a wọṣọ, ká fún un lóògùn, ká wá oúnjẹ díẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, apá gúúsù lọ́hùn-ún nìyẹn ń gbé, ọ̀nà jìn, ó ń pè é lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sunday.

Àbúrò wa tó gba iṣẹ́ náà lóṣù kọkànlá, Ìbàdàn ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò tíì pé oṣù méjì níbí. Tíṣà ni nílé, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ já gaara, máàkì tó gbà nínú IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ga ju tèmi lọ. Àwọn carer tó kù ń pe ìyá náà lórúkọ àbísọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí, àmọ́ ẹnu àbúrò wa ò gbà á, Mama ló ń pè é, inú ìyá náà sì dùn sí i. Òun náà ń pe àbúrò wa ní duck. Ọjọ́ kìíní tó gbọ́ ọ, ó pè mí, ó ní "Àǹtí, ìyá yìí pè mí ní pẹ́pẹ́yẹ o, ṣé èébú ni àbí kí ni?" Mo ní rárá, bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ pe èèyàn nìyẹn lápá ibí, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì á pè ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta búrẹ́dì á pè ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ti là mí lójú pé ìlú tí pẹ́pẹ́yẹ ti ń jẹ́ olólùfẹ́, ọ̀rọ̀ míì wà níbẹ̀ tí ò ní jẹ́ bá a ṣe rò ó.

Ọ̀sẹ̀ kejì lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí àbúrò wa bá ti wọlé láàárọ̀, tó kí Màmá, tó ní báwo lara, ìyá náà á ní "I'm starved, duck." Kíá, ó ti wọ kíṣìnì, ó ti gbé porridge kaná, ó ti fi ẹyin sí búrẹ́dì yíyan. Màmá á fọwọ́ méjèèjì di abọ́ porridge yẹn mú pinpin, á jẹ bíi ṣíbí mẹ́ta, á wá kàn dì í mú bẹ́ẹ̀. Tó bá yá á gbé e sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, "I'm starved" náà ni. Àbúrò wa á tún sáré lọ síbi oúnjẹ.

Gbogbo ohun tá a bá ṣe là ń kọ sínú app tó wà lórí fóònù, ohun tí àbúrò wa sì ń kọ lójoojúmọ́ nìyí: "Client says she is starving." Ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú dáadáa. Ìyá ní starved, àbúrò wa kọ starving. Kò parọ́ o, ó tún un ṣe ni, bí tíṣà ṣe ń fi bírò pupa tún ìwé ọmọ ilé ìwé ṣe, torí lójú ẹ̀, arúgbó yìí ò pe Gẹ̀ẹ́sì náà dáadáa. Lẹ́tà díẹ̀ ló yí padà, òun ló sì bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ohun tá a kọ́kọ́ ṣe ni pé a fi kún oúnjẹ. Ọ́fíìsì ní kí wọ́n máa fi sándíwíìṣì àti bísíkíìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kó lè rí nǹkan jẹ lóru. Ilẹ̀ mọ́, sándíwíìṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. A wá gbé e lé ìwọ̀n, a lo MUST tí wọ́n fi ń wò ó bóyá èèyàn ò rí oúnjẹ jẹ tó, ara ẹ̀ ò fọn rárá, ó tiẹ̀ fi díẹ̀ sanra sí i. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti dúró. Ẹni tó ní ebi ń pa òun láàárọ̀ lálẹ́, tí kì í jẹ oúnjẹ tán, tó sì ń sanra, nǹkan ò báramu níbẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí n bi ara mi pé ṣé ebi ni ìyá yìí tiẹ̀ ń sọ. Mi ò bi ara mi. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ọjọ́ ogbó ti dé, ó ti ń gbàgbé pé òun jẹun. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí dókítà ẹ̀ pé kí wọ́n bá wa yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò. Ìyá tọ́pọlọ ẹ̀ jí pépé, èmi ni mo kọ ìwé ìgbàgbé lé e lórí, torí mi ò gbọ́ èdè abúlé ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀ wá gbọ́. Wọ́n ní láti fi ìwé tó lọ sọ́dọ̀ dókítà tó o létí, ó sì ní kí wọ́n fi ohun tá a ti ń kọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Ó rí "starving", "starving", "starving", ojú ìwé lórí ojú ìwé. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó jìnnà sí ìyá ẹ̀ tó ń ka irú ẹ̀. Ó pè wá pẹ̀lú ẹkún àti ìbínú, ó ní ṣé a fẹ́ febi pa ìyá òun ni. Ọmọ bíbí abúlé yẹn gan-an ni o! Ká ní "starved" ló rí níbẹ̀ bí ìyá ẹ̀ ṣe sọ ọ́, kò ní gbà á ní ìṣẹ́jú kan tó fi máa sọ fún wa pé òtútù ló ń mú ìyá òun. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò wa ló kà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì IELTS ló sì fi túmọ̀ ẹ̀.

Ìpè yẹn ló gbé mi dé ilé náà fúnra mi, àárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù kìíní, yìnyín bo gíláàsì mọ́tò mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi káàdì ha á kí n tó lè wa ọkọ̀. Mo wọlé, mo rí i pé àbúrò wa ń se porridge pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ lọ́rùn. Màmá jókòó sórí àga ẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀lù borí ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo dì í lọ́wọ́ mú kí n lè bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ọwọ́ yẹn tutù bí ẹja inú fíríìsà. Bí mo ṣe ní kí n sọ̀rọ̀, mo rí èémí ẹnu ara mi bí èéfín nínú pálọ̀. Káàdì kan wà lára ògiri tó ń fi bí yàrá ṣe gbóná sí hàn, irú èyí tí wọ́n máa ń pín fún àwọn arúgbó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wà ní 13 lórí ìwọ̀n Celsius.

Mo ní Màmá, ṣé ebi ń pa yín ni? Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán, mo ní are you hungry. Ìyá náà wò mí bíi pé èmi ni mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní: "I'm not clammed, duck. I'm starved."

Orí mi wú. Ọ̀rọ̀ méjì! Clammed ni ebi, starved ni nǹkan míì. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó fi starved hàn mí, kí n mọ ibi tó ti ń ṣe é. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì lé mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Àbúrò wa tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́ ní "Yéè, Àǹtí, òtútù ni!" Ó bú sẹ́kún. Porridge tí ìyá yẹn ń fọwọ́ méjèèjì dì mú lójoojúmọ́, ọwọ́ ló fi ń yá.

Mo bi àbúrò wa pé ṣé kò mọ̀ pé ilé náà tutù ni. Ohun tó sọ ta mí lára títí dòní. Ó ní "Àǹtí, gbogbo ilé tó wà ní ìlú yìí ló tutù lójú mi. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn." Kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀. Ẹni tó dé láti ibi tí oòrùn ti ń ran ni, tó ń wọ jákẹ́ẹ̀tì sùn nínú ilé tó gbóná dé 21, kò lè mọ ìyàtọ̀ 13 sí 18. Èmi tí mo ti lo ọdún mọ́kànlá níbí ló yẹ kí n ti wá fara mi wò ó lọ́sẹ̀ kìíní.

NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, ní kí yàrá tí àgbàlagbà ń lò lójoojúmọ́ wà ní 18 ó kéré tán. Tí ara èèyàn bá wá sísàlẹ̀ 35, hypothermia ti dé nìyẹn, àti kó tó dé ibẹ̀ pàápàá òtútù inú ilé lè fa àrùn rọpárọsẹ̀, àìsàn ọkàn, òtútù àyà. Nígbà tá a ń ka ṣíbí porridge, ohun tí ìyá yẹn ń dojú kọ nìyẹn.

Ó wá kù kí n tan hítà. Mo rò pé ìyẹn ló rọrùn jù. Ìyá náà ní ká má tàn án. Mo ní ṣé owó iná ni, ó ní owó wà, ọmọ òun ń san án. Mo ní kí ló wá dé. Ó na ẹ̀yìn gbọọrọ lórí àga, ó ní "I'm not nesh."

Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Mo ní kí ló ń jẹ́ nesh, Màmá? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́, ó ní ó yẹ kí n mọ nesh, nígbà tó jẹ́ pé jákẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lọ́rùn mi. Ẹni tí ò lè fara da òtútù ni. Ọmọ tí òjò díẹ̀ bá pa tó ń ké. Ọkùnrin tó ń jókòó ti iná nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó ní bàbá òun àti ọkọ òun, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní nesh rí, òun náà ò sì ní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́ni ọdún 87. Bó ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ajẹ́bọ́tà. Kò fi gbogbo ara jọ ọ́, torí ajẹ́bọ́tà wa ní owó nínú, nesh ò ní, tálákà lè nesh, àmọ́ ìtìjú tó wà níbẹ̀ bára mu. Ọmọ tí wọ́n bá pè ní ajẹ́bọ́tà níwájú ẹgbẹ́ ẹ̀, ó lè fẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta kó lè fi hàn pé òun kọ́.

Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò lè sùn, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo rí, torí òun ló yí ojú tí mo fi ń wo èdè àwọn arúgbó yìí padà pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká mú starved. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, steorfan ló wà, ìtumọ̀ ẹ̀ ni kéèyàn kú, ikú lásán, kò sí ebi níbẹ̀ kò sí òtútù. Àwọn ará Jámánì ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀ dòní, sterben ni wọ́n ń pe kíkú. Ìgbà tó yá lọ́rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Lápá gúúsù, ikú ebi ló há sí, òun ló sì di Gẹ̀ẹ́sì ìwé tí wọ́n kó wá fún wa nílé ìwé. Lápá àríwá àti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ikú òtútù ló há sí. Torí pé starved ti kún fún òtútù níbẹ̀, wọ́n ní láti ní ọ̀rọ̀ míì fún ebi, ìyẹn ni clammed, àwọn ibòmíì ń pè é ní clemmed, bí ìgbà tí nǹkan fún èèyàn nínú pinpin. Ṣé ẹ wá rí i pé ìyá yìí ò ṣi Gẹ̀ẹ́sì pè. Ti tirẹ̀ dàgbà dọ́gba pẹ̀lú èyí tá a kọ́ níwèé, ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀nà ló pín.

Àwa Yorùbá ló sì yẹ kó tètè yé ju gbogbo èèyàn lọ. Kí la máa ń sọ tá a bá fẹ́ jẹun? Ebi ń pa mí. Pa yẹn, pípa kúkú ni, àmọ́ a ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ikú nínú ẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ òtútù, a ní òtútù ń mú mi, bó bá wá le, òtútù fẹ́ pa mí. Ikú kan náà ló wà nídìí àwọn ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe wà nídìí starved.

Nesh wá dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hnesce ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wọ́n ń pe h tó wà níwájú yẹn nígbà náà, ìtumọ̀ ẹ̀ ni nǹkan tó rọ̀, tó ṣe múlọ́múlọ́, tó ṣe ẹlẹgẹ́. Ẹ ṣí Mátíù orí 11 ẹsẹ 8, níbi tí Jésù ti ń bi àwọn èèyàn nípa Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé kí ni wọ́n jáde lọ wò, ṣé ọkùnrin tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni? Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú Bíbélì tiwa yẹn, nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, hnesce ló wà níbẹ̀. Nínú ti àwọn Goth, ẹ̀yà àtijọ́ kan ní Yúróòpù, tí bíṣọ́ọ̀bù wọn Wulfila túmọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1,600 sẹ́yìn, ọmọ ìyá ọ̀rọ̀ náà ló wà níbẹ̀, hnasqus. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé arúgbó awakùsà kan ló hù ú jáde lẹ́nu, ó ti wà nínú Ìwé Mímọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé Derbyshire máa wà. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé ohun kan náà ni Jésù ń sọ níbẹ̀ tí Màmá ń sọ: àwọn tó ń wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ààfin ọba ni wọ́n wà. Ẹni tó le koko, aginjù lo ti máa bá a. Tàbí nínú ihò èédú.

Gẹ̀ẹ́sì ìwé ti gbàgbé nesh, soft ti gba ipò ẹ̀, àmọ́ àwọn abúlé ò gbàgbé. Wọ́n tiẹ̀ gbé e kọjá òkun, àwọn ará Newfoundland ní Kánádà ń pè é ní nish, wọ́n ń lò ó fún nǹkan ẹlẹgẹ́ àti ẹni tí ara ẹ̀ ò gba ìyà. Ibi tí mo ti rí èyí tó pọ̀ jù ni ìwé atúmọ̀ èdè àwọn ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì tí Joseph Wright ṣe, apá mẹ́fà, láàárín 1898 sí 1905, yunifásítì Innsbruck ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin yìí díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bradford ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀ sí í da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ó bọ́ sí iléeṣẹ́ òwú, kò mọ ìwé kà títí ó fi di nǹkan bí ọmọ ọdún 15. Ó kọ́ ara ẹ̀, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Heidelberg, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford. Ẹni tó jẹ́ pé irú èdè Màmá yìí ni èdè ilé ẹ̀ ló jókòó kó gbogbo ẹ̀ jọ. Lẹ́yìn ẹ̀, láti 1950 sí 1961, àwọn ti yunifásítì Leeds lọ sí ibùdó 313, abúlé ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ń wá àwọn àgbàlagbà lọ, wọ́n ń bi wọ́n pé kí lẹ ń pe èyí, kí lẹ ń pe tọ̀hún. Kí lẹ ń pe ẹni tí òtútù ń mú gan-an wà lára ìbéèrè wọn. A ní irú ìbéèrè yẹn láti bi ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn wọn, a ò bi í.

Mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwé NHS lọ́wọ́, mo fi 18 han Màmá, mo ṣàlàyé nípa ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ dáadáa, ó ní ó yé òun, ó kọ̀. Ọmọ ẹ̀ bá a sọ ọ́ lórí fóònù, ìyẹn ò gba ìṣẹ́jú méjì tó di ìjà. Mo rò ó sọ́tùn-ún sósì, mo wá rí i pé gbogbo bá a ṣe ń sọ ọ́, ohun kan ló ń gbọ́: ẹ ti di nesh, Màmá. Bí ìgbà tí ọmọdé bá lọ bá bàbá ẹ̀ tó ti fọkọ́ jìyà gbogbo ayé ẹ̀ pé Bàbá, ẹ ò lè ro oko mọ́.

Àbúrò wa ló wá rí ọ̀nà sí i, mi ò kọ́ ọ. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni. Ó ń bá Màmá so okùn bàtà, ìka ẹ̀ ò gbọ́ mọ́, ó ń gbọ̀n. Màmá ní kí ló ṣe é. Ọmọ náà sọ òótọ́ tó wà lára ẹ̀, ó ní "Mama, I am nesh. Please, I am very nesh. I come from Ibadan." Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀, ó wo ọwọ́ àbúrò wa, ó ní "Well, put th' heating on then, you poor bogger, before you drop."

Hítà tó ti kọ̀ fún mi, fún NHS, fún ọmọ bíbí inú ẹ̀, ó tàn án torí àlejò. Kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, òtútù ń mú ọmọ náà lóòótọ́, ìyá náà sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti ń tan hítà kí àbúrò wa tó dé, "for the nesh one", bó ṣe ń pè é, ó sì máa ń fi sílẹ̀ títí ó fi máa lọ. Nígbà tó yá kò pa á mọ́. Ọmọ ẹ̀ wá síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ó fi táímà sí i, 18 lọ́sàn-án, kò lọ sísàlẹ̀ 16 lóru, Màmá sì gbà torí "kí ó má tutù nígbà tí àbúrò wa bá wọlé láàárọ̀".

A fẹ́ bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Carer míì ló gba iṣẹ́ lọ́jọ́ Saturday kan, ọmọ Nàìjíríà náà ni, ó ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu wa, ó wá fi ọ̀rọ̀ tuntun náà ṣeré, ó wọlé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ah Mama, so you are nesh now! Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Màmá dìde tòun ti orúnkún ẹ̀, ó pa hítà, kò tàn án títí di ọjọ́ Monday. Ẹni tó bá nesh ló lè sọ pé òun nesh. Ọmọ Yorùbá wo ló máa sọ fún ìyá àgbà ẹ̀ pé ìyá, ẹ ti yọ̀lẹ? Òun fúnra ẹ̀ lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, ìwọ ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Mo kọ̀wé sí dókítà pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbé yẹn kúrò nínú fáìlì ẹ̀, mo sọ ìdí ẹ̀. Mo lọ bẹ Màmá. Kò mọ̀ pé mo ti kọ irú ẹ̀, nígbà tí mo sọ ọ́ fún un inú bí i gan-an, ó ní òun lè ka orúkọ gbogbo àwọn tó kú nínú ihò èédú tí bàbá òun ti ṣiṣẹ́, ó sì kà wọ́n fún mi, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, mo dúró gbọ́ ọ tán.

Ohun tá a yí padà níbi iṣẹ́ ò pọ̀, àmọ́ kò sí èyí tá a fi ṣeré níbẹ̀. Ohun tí aláìsàn bá sọ nípa ara ẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ la máa kọ ọ́, láàárín àmì ọ̀rọ̀ ẹnu, kódà tó bá dà bíi pé kò mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ, pàápàá tó bá dà bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ tìrẹ wà ní ìlà kejì, lọ́tọ̀, kí ẹlòmíì lè rí i pé ìtumọ̀ ni. Tó ò bá mọ ọ̀rọ̀ kan, má ṣe fi orí gbé e, sọ fún un pé kó fi hàn ẹ́ níbi tó ti ń ṣe é lára, bí Màmá ṣe fọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Carer tuntun kì í dá wọlé lóṣù kìíní wíńtà láìsí ẹni tó ti pẹ́ níbí, ẹni yẹn á sì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú yàrá kó fara wò ó. Ìwé kan wà lára ògiri ọ́fíìsì tí àwọn òṣìṣẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ bá wa kọ: starved ni òtútù, clammed ni ebi, badly ni ara ò yá, mardy ni ẹni tó ń kùn tó ń bínú, mash ni kéèyàn po tíì, kì í ṣe kéèyàn gún ọ̀dùnkún. Ìwé yẹn ti kún, a ti lẹ òmíràn mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀. Àwọn òyìnbó ọ́fíìsì pàápàá ń dúró kà á, ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé nesh ni ìyá ìyá òun máa ń pe òun, òun rò pé ìyá náà ló hùmọ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Wíńtà kejì, àbúrò wa ṣì ń lọ sọ́dọ̀ Màmá. Mo ṣí app láàárọ̀ ọjọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, mo ka ohun tó kọ. Ìlà kìíní: Mama says "I'm starved, duck." Ìlà kejì: òtútù, ọwọ́ ẹ̀ tutù, pálọ̀ wà ní 16, táímà ò tíì tan hítà, mo ti tàn án. Ìlà kẹta, lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú: 18, ọwọ́ ti gbóná, ó jẹ porridge tán.